Ọ̀bẹ Tàbí Àga? Ìfiwéra Ọ̀nà Tí Oníṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Lè Gbà Di Aṣáájú

Bí dókítà bá ti ń yọ jẹjẹrẹ lára ènìyàn fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi wá fi àga kan lọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ àga ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, tàbí ti alága ẹgbẹ́ ìwádìí, tàbí ti olùdarí ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ìjọba ló máa ránṣẹ́ pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní kó tètè gbà á. Òun fúnra rẹ̀ á wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ iṣẹ́, á sì máa rò ó pé ṣé kí òun gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ni.

Ẹni tó wà ní irú oríta yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbé oníṣẹ́ abẹ mẹ́rin kalẹ̀ ní méjì méjì, kí a fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dojú kọ ìṣòro kan náà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn méjì kejì jẹ́ olùkọ́ àti ọmọ tó kọ́. Ẹnì karùn-ún wà tí mo máa kàn mẹ́nu bà.

Ẹ má ṣe fi gíga àga yàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé: níbo gan-an ni ohun tó ń pa àwọn aláìsàn mi wà? Bó bá jẹ́ pé inú tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ló wà, pé àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ náà dáadáa kò tó, ẹ dúró ti tábìlì yín, kí ẹ sì kọ́ ẹlòmíràn. Bó bá wà nínú ìlànà kan tí gbogbo dókítà ń tẹ̀ lé láìyẹ̀ ẹ́ wò, àga kan wà fún ìyẹn. Bó bá sì wà lójú pópó, kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá, àga mìíràn ni.

Fisher ní Pittsburgh, Veronesi ní Milan

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí àwọn méjì yìí ṣe, ẹ jẹ́ ká wọ tíátà kan ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1965. Obìnrin kan rí kókó lọ́mú. Ó fọwọ́ síwèé, wọ́n sì fún un ní oògùn oorun. Oníṣẹ́ abẹ gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n sáré gbé e lọ bá dókítà tó máa fi maikirosíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ènìyàn dúró, obìnrin náà ń sùn lórí tábìlì. Bí ìdáhùn bá padà wá pé jẹjẹrẹ ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n á gé ọmú yẹn kúrò, àti ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn kókó inú abíyá. Nígbà tó bá jí, yóò gbé ọwọ́ sí àyà rẹ̀ kó lè mọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó bá a sọ ọ́.

William Halsted ló kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ abẹ yẹn ní ọdún 1894, ó sì lé ní àádọ́rin ọdún tó fi jẹ́ òfin tí a kò kọ sílẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ máa ń tàn díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, nítorí náà bí a bá ṣe gé e fẹ̀ tó ni aláìsàn yóò ṣe pẹ́ láyé tó. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Bernard Fisher, ọmọ bíbí Pittsburgh, wo ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó rí níbẹ̀ mú un gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti lè gbé èérún jẹjẹrẹ lọ jìnnà kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gígé fẹ̀ kò lè gba obìnrin náà là, ó kàn ń fìyà jẹ ẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹnì kan ṣe máa fi èyí hàn ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo? Ní 1967 ó di alága NSABP, ẹgbẹ́ tó so ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pọ̀ fún ìwádìí. Ní 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tó gba obìnrin tó lé ní 1,600. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó le jù: àwọn kan, wọ́n á gé ọmú kúrò; àwọn kan, kókó nìkan ni wọ́n á yọ; àwọn yòókù, wọ́n á yọ kókó, wọ́n á sì fi ìtọ́jú onítànṣán kún un. Kèké ló máa pín wọn.

Ẹ wo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún sọ fún àwọn aláìsàn pé "èmi mọ èyí tó dára jù fún yín" ni wọ́n ní kó jókòó ti obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà, kó sì sọ pé, "Mi ò mọ èyí tó dára jù, màmá. Kèké ló máa bá wa yàn án." Ọ̀pọ̀ wọn ò lè sọ ọ́. Ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀ débi pé wọ́n ní láti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín àwọn obìnrin náà padà. Iṣẹ́ aṣáájú Fisher gan-an nìyẹn: kó máa rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbà pé àwọn ò mọ̀. Kò sí ọ̀bẹ tó lè ṣe ìyẹn.

Èsì àkọ́kọ́ ti ìdánwò 1976 yìí jáde ní 1985. Nígbà tó pé ogún ọdún, iye àwọn tó ṣì wà láàyè kò yàtọ̀ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó yàtọ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti yọ kókó láìlo ìtànṣán, jẹjẹrẹ padà sí ọmú náà lára nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọ́n ti lo ìtànṣán, nǹkan bí ìdá 14 ni.

Nísinsìnyí, ẹ gbé Umberto Veronesi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyèméjì kan náà ló ní, Ítálì ló wà. Òun kò lọ so ilé ìwòsàn pọ̀ káàkiri. Nínú ilé kan ṣoṣo, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ìjọba ní Milan, ló ti ṣe tirẹ̀. Láàárín 1973 sí 1980, obìnrin 701 ni wọ́n pín sí méjì: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ ti Halsted, àwọn kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmú ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi ìtànṣán kún un. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1981, ọdún mẹ́rin kí ti Fisher tó jáde. Ohun tó sì wú mi lórí ni pé ìròyìn ogún ọdún ti àwọn méjèèjì jáde pọ̀ nínú ìtẹ̀jáde kan náà, New England Journal of Medicine ti oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n sì sọ ohun kan náà.

Èwo ló dára jù? Ẹni tó ní ilé kan tó ń gbọ́ tirẹ̀ á yára dé. Ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ilé á pẹ́ lọ́nà, àmọ́ èsì rẹ̀ á nípọn, torí pé ọwọ́ oríṣiríṣi oníṣẹ́ abẹ ló ti kọjá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oríṣiríṣi náà ní ewu tirẹ̀, kí ẹ tó yan ọ̀nà Fisher ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Oníṣẹ́ abẹ kan ní Montreal tó wà nínú ẹgbẹ́ náà yí àkọsílẹ̀ padà kí àwọn aláìsàn tí kò yẹ lè wọ inú ìdánwò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo ní 1994, Fisher ni wọ́n yọ lórí àga. Wọ́n yọ àwọn àkọsílẹ̀ yẹn kúrò, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, èsì kò yí padà. Ní 1997 yunifásítì rẹ̀ ní Pittsburgh tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì san mílíọ̀nù 2.75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jìyà ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe. Mo ka ìtàn yìí sí ọ̀kan nínú ohun tó dun ni jù nínú iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín: ní tíátà, àṣìṣe tiyín ni ẹ máa rù. Lórí àga alága ẹgbẹ́ ìwádìí, ẹ máa ru ti ẹni tí ẹ kò bá jẹun rí.

Veronesi kò rí irú ìjì yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ gba owó, òṣèlú àti sùúrù. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ jẹjẹrẹ ti Yúróòpù sílẹ̀ ní 1982. Ó ṣí ilé ìwòsàn tuntun ní Milan ní 1994, European Institute of Oncology. Ó di mínísítà ìlera Ítálì ní 2000, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 2001. Ẹ fi èyí tó ga jù nínú àga mẹ́ta yẹn wé àwọn yòókù: ipò mínísítà kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ, àmọ́ ilé ìwòsàn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2016. Bí wọ́n bá fi ipò òṣèlú lọ̀ yín, ẹ béèrè iye oṣù tó ṣeé ṣe kí ẹ lò níbẹ̀, kí ẹ sì yan ohun kan péré tó lè parí láàárín oṣù yẹn.

Leffall àti Freeman: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

LaSalle Leffall dàgbà ní Quincy, ní ìpínlẹ̀ Florida, nígbà tí òfin ṣì ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀. Ó parí yunifásítì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Washington ní 1952. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn Memorial ní New York, ó sì padà sí Howard ní 1962. Láti 1970 títí dé 1995, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ níbẹ̀: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí àga kan.

Ní 1973 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí hàn pé ikú jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 1978 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi àga yẹn gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1995 ó tún di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, American College of Surgeons. Ní gbogbo àkókò yìí, kò fi tíátà sílẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni mo pè ní ọ̀nà olùkọ́: ó dúró síbi kan, ó ń kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ó sì ń gba àga ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ni Harold Freeman. Òun náà lọ sí Memorial lẹ́yìn Howard. Ní 1967 ó dé Harlem Hospital, ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ó mọ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ débi tó ga jù, ó sì ní í lọ́kàn láti fi ọ̀bẹ rẹ̀ lé jẹjẹrẹ kúrò ní Harlem.

Àwọn obìnrin wá. Kókó ọmú ẹlòmíràn ti tóbi, ó ti dégbò síta awọ, ó ti ń rùn. Wọ́n ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tipẹ́. Kí ni oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Nígbà tí Freeman ka àkọsílẹ̀ obìnrin 606 tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ láti 1964 sí 1986, ó rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ló dé nígbà tí àrùn ti wọra. Ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa, torí ibi tí iṣẹ́ Freeman ti yí nìyí. Ó rí i pé ohun tó ń pa àwọn aláìsàn òun kò sí ní tíátà. Ọ̀bẹ rẹ̀ ò burú. Àwọn obìnrin náà ò tètè rí i ni. Ní 1979 ó ṣí ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó di ààrẹ American Cancer Society, àga kan náà tí olùkọ́ rẹ̀ jókòó lé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó lò ó láti rìn káàkiri kó lè gbọ́ ẹnu àwọn tálákà tó ní jẹjẹrẹ. Wọ́n sọ fún un pé bí dókítà bá rí kókó pàápàá, ohun tó wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ ìtọ́jú ló ń gbé wọn ṣubú.

Ẹ rò ó wò. Wọ́n ti sọ fún obìnrin kan ní ọjọ́ Tuesday pé kókó rẹ̀ ò dáa, kó lọ ṣe àyẹ̀wò míì. Kò ní ìwé adójútòfò. Ọ́fíìsì tó máa fún un ní ìwé wà ní ilé kejì, wọ́n ní kó padà wá. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa bá a gbé ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó di oṣù mẹ́ta. Ní 1990 Freeman bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ènìyàn àdúgbò náà gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà: láti ìgbà tí àyẹ̀wò bá ti fi nǹkan hàn, amọ̀nà á wà lẹ́yìn obìnrin yẹn, á bá a wá ìwé, á bá a dé ọ́fíìsì, á pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, títí tí ìtọ́jú á fi parí.

Nígbà tí wọ́n tún wo àkọsílẹ̀ àwọn tó wá láàárín 1995 sí 2000, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Láti 39 dé 70, ní ilé ìwòsàn kan náà, láàárín àwọn tálákà kan náà. Kò sí oníṣẹ́ abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Ní 2005 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó fi owó sí iṣẹ́ amọ̀nà yìí.

Tí mo bá fi olùkọ́ wé akẹ́kọ̀ọ́, Leffall ló ní ọmọ lẹ́yìn jù, òun ló sì fi iṣẹ́ ọwọ́ lé ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Láìsí i, bóyá kò ní sí Freeman. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí n yan ọ̀kan fún oníṣẹ́ abẹ tó wà níbi tí àwọn aláìsàn ti ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, ti Freeman ni màá yàn, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò gba ilé tuntun, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun tó gbà ni kí dókítà kan gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kó ka àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì béèrè ìdí.

Ọ̀nà ìjọba

Monica Bertagnolli ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń tọ́ka sí báyìí. Oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ni ní Boston, ó sì ti darí ẹgbẹ́ ìwádìí ńlá kan. Ní oṣù kẹwàá 2022 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí National Cancer Institute, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí òun náà fi sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ní jẹjẹrẹ ọmú. Ní oṣù kọkànlá 2023 ó gba àga NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba tí ilé iṣẹ́ yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2025 nígbà tí ìjọba yí padà. Owó tó wà lábẹ́ irú àga yẹn kò ní àfiwé, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún tíátà níbẹ̀, ẹni tó bá sì yàn yín lè lọ lọ́la, kí ẹ bá a lọ. Mi ò ní kẹ́ni má gbà á. Mo kàn rò pé ó dára fún ẹni tó ti parí iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ ló ti mọ iṣẹ́ abẹ dáadáa kí wọ́n tó gba àga tí a mọ̀ wọ́n fún. Nígbà tí Fisher ní kí wọ́n má gé ọmú mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé torí pé kò mọ̀ ọ́n gé ni. Nítorí náà, ẹni tó ṣì wà ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ti ń fi àga lọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù.

Fún ẹni tí àkókò rẹ̀ ti tó, ẹ mú àkọsílẹ̀ ogún aláìsàn tó kú lọ́wọ́ yín gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tó pa ẹnì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe "jẹjẹrẹ": ẹ kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí kókó, ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àti ohun tó wà láàárín. Bí àlàfo tó gùn jù bá wà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀nà Freeman ló wà níwájú yín. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè dé, ẹ ṣe ohun tí ìwé ní kí ẹ ṣe, wọ́n sì kú síbẹ̀, ìwé ló yẹ ká yẹ̀ wò, ẹ lọ wá ẹgbẹ́ ìwádìí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀kọ́ ló kù, bíi ti Leffall. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí ilé tó lè gbà wọ́n rárá, ẹ múra sílẹ̀ láti kọ́ ọ, kí ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Nígbà tí ẹ bá wá jókòó ti àwọn tó ń fi àga lọ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ owó oṣù tó wọlé, ẹ béèrè ọjọ́ tíátà yín. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kó wà lórí ìwé, kí ìpàdé kankan má lè gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè orúkọ dókítà tó máa gba àwọn aláìsàn tí ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n ṣì ń padà wá fún àyẹ̀wò. Ẹ pè é fúnra yín, kí ẹ sì bá àwọn aláìsàn náà sọ ọ́ lójúkojú kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì.